Ojú Nonia Lára Fàdákà

Lọ́jọ́ tí olorì Késárì papòdà, ẹkún gba gbogbo Róòmù kan. Ìgbìmọ̀ àgbà sọ olóògbé di òrìṣà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ilé ìrọwó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe owó ìlú: orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára owó fàdákà tí wọn yóò fọ́n fún ará ìlú nígbà ìsìnkú.

Hermeros, tí í fín orí àwọn ọba sójú irin tí wọ́n fi ń lu owó, ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ère olorì tí wọ́n gbé fún un wò ti fọ́ lẹ́yìn orí, bẹ́ẹ̀ irun dídì tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ olorì. Ló bá gba ilé lọ bá Nonia, ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀.

"Nonia mi, dìde jókòó, jẹ́ n di irun ẹ bíi ti olorì."

"Èmi ẹlẹ́ja? Owó Késárì á máa rùn!"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹran abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ń mì, títí ikọ́ fi gbé e. Hermeros rọra ń di irun náà, ó ń fi ẹsẹ̀ bo èyí tó ń já sílẹ̀ kí obìnrin náà má baà rí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Nígbà tí ó fín in tán, Calvisius, ọ̀gá ilé ìrọwó, tẹ irin náà sínú ìda láti wo bí orí náà yóò ṣe yọ lára owó.

"Hermeros! Ẹran abẹ́ àgbọ̀n ta nìyí? Olorì ò nírú ẹ̀. Yọ ọ́ kúrò!"

"Ọ̀gá, ohun tó yọ síta lára owó, ihò ni lójú irin. Bí mo bá tún gbẹ́ ẹ, ńṣe ló máa sanra sí i. Bí mo bá sì fín òmíràn, ìsìnkú á ti kọjá."

Calvisius tún wò ó. "Ìyàwó ẹ nìyí, àbí? O mọ̀ pé ẹgba ni?"

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Mi ò mọ ìgbà tọ́wọ́ mi ṣe é." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀, ó kọjú sí àwọn alágbẹ̀dẹ. "Ẹ máa fi lu owó jàre. Bí ààfin bá bi mí, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Nonia kò dúró rí i. Aládùúgbò díẹ̀ ló bá Hermeros sun òkú rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú olorì, wọ́n fọ́n fàdákà náà bí ẹni fọ́n àgbàdo fádìẹ. Ìyá arúgbó kan ṣa ọ̀kan, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́kún.

"Òun gan-an nìyí! Mo rí i rí. Ẹ wo ojú àánú!"

Wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń fi ẹnu kò ó, wọ́n ń sunkún. Hermeros dúró láàárín wọn, ó sunkún bí ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló kú fún un.