Etí Aṣọ Funfun

"Inú ìbòmú yín lẹ yí síta o."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin télọ̀ kan bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ àjọ ìlera àdúgbò ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó wá gba àwọn ìbòmú tí àjọ náà gbé fún télọ̀ náà rán nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé. Ó dúró jìnnà sí ẹnu ọ̀nà bí òfin ṣe wí, ó ń ṣe bí ọ̀gá. Ojú tì í gan-an.

"Ṣé ó hàn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Èmi ni mo rán an. Búlúù ni iwájú, funfun ni inú. Ṣé n ò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

Ìbòmú bo ẹnu télọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé láti ka ìbòmú tó wá gbà. Ó dọ́gbọ́n padà wá kà á lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí ti sọ ọ́ ní Inú-Síta.

Kò pẹ́ tí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé. Àjọ ìlera pín aṣọ méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan, funfun àti pupa. Láràárọ̀, ẹ ó so ọ̀kan sójú fèrèsé. Funfun ni pé àlàáfíà wà. Pupa ni pé kí wọ́n tètè wá. Inú-Síta ló ń rìn ní òpópónà náà, tó ń kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Bó bá ti jẹ́ funfun, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó má baà gbé àrùn láti ilé dé ilé.

"Ta ló gé aṣọ yìí?" ni télọ̀ náà pariwo láti ojú fèrèsé òkè. "Gbogbo etí rẹ̀ ló ń tú!"

"Àjọ ìlera ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n fìyà jẹ aṣọ."

Kò ní òwú tí yóò fi ṣòfò, nítorí náà, ọwọ́ ló fi ń ṣẹ́ etí aṣọ náà sínú láràárọ̀ kó tó so ó. Kò lè fara da etí aṣọ tó ń tú.

Abẹ́ fèrèsé yẹn ni ìfẹ́ ti wọlé. "Ẹ" di "o", "o" di "ọkàn mi".

"Ọkàn mi, n ò tíì rí ẹnu rẹ rí o."

"Lọ́jọ́ tó o bá rí i, má sá."

Ṣùgbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà wà ńbẹ̀, káfíńtà àgbà kan. Oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ àjọ ìlera gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Kò fojú kàn án mọ́ títí ó fi kú.

"Ìwọ!" ni bàbá kígbe lọ́jọ́ tó ká wọn mọ́. "Ẹ̀yin lẹ gbé ìyá rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló kù fún mi. Ẹ ò ní gbé e, ìwọ náà ò sì ní fẹ́ ẹ!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ta ni bàbá rẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà rọra sọ̀rọ̀ láti òkè. "Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ò bá fọwọ́ sí i, n ò lè ṣe é. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, fèrèsé náà wà ní títì. Aṣọ funfun wà níbẹ̀. Inú-Síta tẹ ọmọbìnrin náà láago, kò gbé e. Ó kọ "funfun" sínú ìwé, ó kọjá lọ.

Ó dé ilé kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti lọ síwájú. Ohun kan kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ó sá padà, ó gbójú sókè. Etí aṣọ náà ń tú, òwú rẹ̀ ń fẹ́ nínú atẹ́gùn.

Kì í ṣe ọmọbìnrin náà ló so ó.

Bó bá kan ilẹ̀kùn tó sì jẹ́ pé ó ṣì í, iṣẹ́ á bọ́, ìrètí pé yóò fẹ́ ọmọbìnrin náà á sì tán pátápátá. Ó kàn án.

"Ṣé o fọ́jú ni? Funfun ni mo so!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ so ó. Òun dà?"

"Ó ń sùn."

"Ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn, màá lọ."

Ó fi etí ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí àgbàlagbà náà ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Láti àná ni kò ti lè mí dáadáa. Bí mo bá so pupa, ẹ ó gbé e. Ẹ ò sì dá ìyá rẹ̀ padà fún mi."

"Mi ò lè ṣèlérí pé ó máa padà, bàbá. Irọ́ ni màá pa. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní jókòó sínú òkùnkùn bíi tìgbà ìyá." Ó tẹ nọ́ọ̀sì àgbà láago, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí bàbá lè gbọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gba yàrá tó kọjú sí títì fún aláìsàn kan, kó máa so aṣọ sí fèrèsé rẹ̀ láràárọ̀, funfun bí ara rẹ̀ bá dúró, pupa bó bá le sí i.

"Aṣọ lásán?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ tètè gbé e wá jàre. Èmi fúnra mi ni màá so ó."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ bàbá wò, kò ní àrùn náà. Láràárọ̀, òun àti Inú-Síta ń dúró níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n jìnnà síra wọn. Ọjọ́ mẹ́ta, funfun, etí rẹ̀ ń tú, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kẹrin, pupa. Lọ́jọ́ karùn-ún, pupa.

Lọ́jọ́ kẹfà, kò sí aṣọ rárá.

"Ó ti parí," ni bàbá wí.

"Ẹ dúró ná, bàbá."

Ó pẹ́ kí fèrèsé tó ṣí díẹ̀. Aṣọ kan yọ jáde, ó pòórá, ó tún yọ.

"Funfun ni!" ni bàbá kígbe.

Inú-Síta kò wo àwọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo etí rẹ̀."

Wọ́n ti ṣẹ́ etí aṣọ náà sínú, ó gún régé. Àgbàlagbà náà wò ó títí, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn."

Fóònù Inú-Síta dún. Ohùn náà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni.

"Ọkàn mi. Mo ń rí funfun lẹ́nu rẹ láti ibí o."

Ó fọwọ́ kan ìbòmú rẹ̀. Ìkánjú àárọ̀ ló fi wọ̀ ọ́.

"Kí ló wí?" ni bàbá béèrè.

"Ó ní mo yí ìbòmú mi sódì, sà."

Bàbá nu ojú rẹ̀. "Tún un wọ̀, ọmọ mi. Ṣé bó o ṣe máa wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn?"