Ìkòkò Tí Asabe Ń Fọ́

Ìkòkò omi a máa fọ́ lórí obìnrin. Omi á dà sí i lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í rẹ́rìn-ín, á sì lọ pààrọ̀ ìró nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkòkò fọ́ lórí Naimat lọ́nà odò, ọmọbìnrin náà ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kò ṣàìsàn rárá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọn ì bá so yìgì rẹ̀.

Gbogbo agboolé àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlèlé gbọ̀n rìrì. Ojú irin òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin lọ́dún náà, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ di ẹ̀bi ru ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fa ọkọ̀ ojú irin lọ síwájú alífáà? Èèyàn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí òwìwí ké lórí òrùlé Asabe nídàájí, ọ̀rọ̀ náà rí ibi jókòó.

Ọmọ Hausa láti àdúgbò Gàmbàrí ni Asabe, ìyàwó Yísà. Kò mọ amọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àfi bí Asabe ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn kò gbọ́. Bó bá fi ìka lu amọ̀ tútù, á mọ èyí tí iná yóò fọ́, á wó o, á tún un mọ. Bí ìkòkò tó ti jiná bá sì sán níbi tí ojú kò tó, á gbọ́ ọ tí ń ta ṣín-ín-ṣín-ín bí àgbàdo inú agbada. Bí iná ti ń jẹ tàwọn yòókù, tirẹ̀ ń jáde láìní àbùkù.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Kí ó tó kú, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Asabe, ẹni tí tirẹ̀ kì í fọ́ láàárín àwọn tí tiwọn ń fọ́, wọn á ní òun ló ń fọ́ tiwọn. Máa fọ́ díẹ̀ nínú tìrẹ."

Ó gbọ́ràn. Bí wọ́n bá ti sun ìkòkò, òun ni í kọ́kọ́ dé ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń sun ún. Á yan méjì mẹ́ta nínú èyí tó dára jù nínú tirẹ̀, á fọ́ wọn. Ó máa ń dùn ún wọ eegun. Tí àwọn yòókù bá dé, á bá wọn ṣe "ó mà ṣe o," ọkàn wọn á sì balẹ̀ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ikú Naimat ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Abọ́sẹ̀dé ló rí i, ìyálé ilé náà, ìyá Naimat gan-an.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ẹni tó fọ́ ìkòkò lórí ọmọ mi!"

Kí oòrùn tó mú, gbogbo ilé ti pé sábẹ́ igi. Hadiza, olórí àwọn amọ̀kòkò, jókòó láàárín wọn. Lami ọmọ Asabe wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń sùn.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kó padà sí Gàmbàrí lónìí," Abọ́sẹ̀dé ní. "Àjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Lami ò ní bá a lọ. Ọmọ wa ni."

Hadiza kó àpáàdì náà sẹ́sẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Amọ̀kòkò kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tí í fà sọ́rùn ìkòkò tirẹ̀.

"Ilà Asabe ló wà lára gbogbo rẹ̀. Tara rẹ̀ ló fọ́. Asabe, kí ló dé tí èèyàn á fi máa fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?"

Asabe mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, ó parí. "Wọn ò dára ni, Ìyá Àgbà."

"Irọ́! Wọ́n ń dán bí ojú ìyàwó!" Abọ́sẹ̀dé kígbe.

Hadiza fi ẹsẹ̀ ti àpáàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó dáa. Yísà, gba ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ."

Yísà kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìgbà yẹn gan-an ni Ràúdátù, ọmọ Abọ́sẹ̀dé tó kù, ń bọ̀ láti odò. Ó gbé ìkòkò omi tó kún sórí, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù.

Asabe gbọ́ ọ. Ṣín-ín-ṣín-ín. Ohùn kan náà ló gbọ́ lọ́jọ́ tí Naimat ń fi ìkòkò tuntun rẹ̀ yangàn, tí òun fi ọwọ́ kàn án, tí òun sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ràúdátù, dúró! Ìkòkò yẹn ti sán!"

"Má wò ó lójú!" ìyá rẹ̀ ké. "Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!"

Asabe já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Yísà. Ó fi ọwọ́ kan di ọ̀já mú, ó sáré bá Ràúdátù, ó sì ràn án lọ́wọ́ sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Ìdí ìkòkò kò tíì jókòó dáadáa tó fi là sí méjì. Omi ṣàn dé ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ràúdátù fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ rí i! Ẹnu ló fi fọ́ ọ!" Abọ́sẹ̀dé ké.

Hadiza bẹ̀rẹ̀, ó mú ìlàjì kan, ó fi àtàǹpàkò nu ojú ibi tó ti là. Ó dúdú.

"Abọ́sẹ̀dé, èéfín rèé. Látinú iná ló ti sán wá. Àbí ẹnu Asabe ló ń rú èéfín?" Ó kọjú sí Asabe. "Ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ọ?"

Asabe sọ gbogbo rẹ̀: amọ̀ tútù, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn ìkòkò tó dára tó ń fọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ohùn Abọ́sẹ̀dé wálẹ̀. "Ti Naimat ńkọ́?"

Irọ́ kan péré ì bá gbà á sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ṣe tán láti gbà á gbọ́.

"Mo gbọ́ ọ, Ìyálé mi. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀rù."

Hadiza gbé ìlàjì ìkòkò náà sílẹ̀. Ó ní Asabe kì í ṣe àjẹ́, kí Yísà bá a di ọ̀já rẹ̀ padà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìkòkò kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ẹbu láìjẹ́ pé Asabe kọ́kọ́ lù ú wò.

Nígbà tí wọ́n tún sun ìkòkò, àwọn obìnrin tò síwájú rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ló dé kẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, kò kí i, kò jẹ́ ìkíni rẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró.

Asabe fi ìka lù ú, ó dẹ etí sílẹ̀. "Ó dára, Ìyálé mi."

Abọ́sẹ̀dé kò gbé e.

"Tún un lù," ló wí.

Asabe tún un lù.