Àwòrán Tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tì Pa

Ojú mi kòrókòró ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Mi ò mutí, mi ò sùn, ara mi sì dá ṣáṣá. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó máa pè mí lọ. Mo ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kọ̀ǹpútà ilé àwọn ti ya wèrè. Mi ò bi í léèrè ẹni tó bà á jẹ́. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀? Ògbóǹtarìgì ni mo máa ń pè é lẹ́yìn. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà ò mọ̀. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, á já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí bíríkìlà bá ń mọlé, á ní kó wó o, kó tún un mọ. Ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣáà ti máa ṣẹ́jú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé "O ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò, tẹ ibí", kíá, ọ̀gbẹ́ni ti tẹ̀ ẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ rèé.

Mo débẹ̀. Wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé nítorí oòrùn, pálọ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, Màmá Kékeré, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù kun àwòrán nínú ìwé. Ó kí mi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn nìkan ni mi ò lè sọ̀rọ̀ sí nínú ilé náà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi rí tó kó tó bí i, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ètò amí ló wọnú kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí àwọn olè máa ń rán wọlé láti máa wo gbogbo ohun tí èèyàn ń tẹ̀. Mo yọ ọ́. Kò le rárá. Ẹni tó ṣe é gan-an ò gbọ́n tó bó ṣe rò. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wà ní títì pa. Kò ṣeé tẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé àwọn ètò amí máa ń ti ibẹ̀ pa. Bí o bá ti yọ wọ́n tán, wàá ṣí ohun tí wọ́n tì. Èèyàn kì í tún bèèrè.

"Wọ́n ti ojú kọ̀ǹpútà yín pa o."

"Ta ni?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Àwọn olè tí ọkọ yín pè wọlé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣí i jàre."

Mo ṣí i.

Àwòrán tó wà níbẹ̀ ò ní nǹkan kan tó jọni lójú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ògbóǹtarìgì na àyà síwájú bí onílé, bẹ́ẹ̀ ṣe ló háyà ibẹ̀. Ọmọ wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, inú ilé sì dúdú.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo tún tàn án, kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi dúró. Àwòrán yọ. Ọwọ́ kan di etí ilẹ̀kùn mú láti inú.

Mo ní ojú mi ni. Mo nù ún. Mo tún wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà nínú ilé nígbà tí ẹ ń ya fọ́tò yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó wá wò ó. Fáànù inú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni bí pẹ́ńsù Màmá Kékeré ṣe ń họ ìwé. Nígbà tó yá, ìyẹn náà dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni Ògbóǹtarìgì wọlé. Ó wo kọ̀ǹpútà, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ibẹ̀?"

"Amí ló tì í. Mo ti ṣí i."

"Amí wo? Èmi ni mo tì í!"

Mo yínmú. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n ń bá tan kọ̀ǹpútà?"

"Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ni." Ohùn rẹ̀ kéré. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ń rìn. Mo pa àwòrán náà rẹ́, ó padà wá. Ìgbà tí mo tì í ló tó dúró."

"Kí ló ń rìn?"

Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ó ti jáde. Obìnrin ni. Ó kẹ̀yìn sí wa, mi ò rí ojú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ inú àwòrán mú. Ọmọ náà ti kẹ̀yìn sí wa. Mi ò rí ìgbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀. Mo ṣẹ́jú, wọ́n ti dẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo tún ṣẹ́jú, obìnrin náà ti wọlé, ó ku ẹsẹ̀ kan ọmọ náà àti ẹ̀yìn orí rẹ̀ níta. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń ṣì í tẹ̀, títí mo fi tì í pa.

Ó dúró.

A yíjú padà. Màmá Kékeré ti dìde. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ga sókè díẹ̀, ó ká ìka rẹ̀ bí ẹni tí àgbàlagbà fà lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé ọwọ́ náà wálẹ̀. Kò wá. Bàbá rẹ̀ gbìyànjú. Èmi náà gbìyànjú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù nini.

Títí di òní, ọwọ́ náà ò tíì wálẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ọwọ́ òsì ló ń lò. Àwọn dókítà yà á ní fọ́tò eegun, wọ́n ní kò sí nǹkan. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sọ gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò jẹ́ pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí i, kí ọmọ òun lè rìn padà síta. Ògbóǹtarìgì ní bí mo bá dán an wò, ẹsẹ̀ kan tó kù yẹn á wọlé. Mo fẹ́ sọ fún un pé òmùgọ̀ ni. Mo wo ẹsẹ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, mo gbé máòsì sílẹ̀.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi mú ọmọ wá. Màmá Kékeré wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí kò sẹ́nì kankan, ó sì fetí sílẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ó ní kí ẹ ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Mo mú máòsì. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan.