Dúráìfù Ẹ̀dínwó àti Ohùn Màmá

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ilé tọkọtaya kan tòrò. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá, ìyẹn ìyá ìyàwó, jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ ní tirẹ̀ ń súfèé, ó ń tú ọjà tó rà lánàá kúrò nínú páálí.

Olùtọ́jú ẹrù ni ọkùnrin yìí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ẹ̀dínwó làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé kò sí iye tí ẹ lè dá lé ọjà tí kò ní sọ pé ó ti wọ́n jù. Ohun tó tú jáde ni dúráìfù, àpótí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi kún àyè inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn ti kún dẹ́nu, ojoojúmọ́ ló ń kìlọ̀ pé òun ò ráyè mọ́. Ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ta dúráìfù náà fún un. Àyè tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pọ̀ ju tàwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ fíìfíì, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì tiwọn. Ẹ̀dínwó ò bi ara rẹ̀ pé kí ló fà á. Inú rẹ̀ ń dùn ṣáá pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú rà.

Ṣé ẹ rí i, tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ìtàn sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ máa ń gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yẹn bó ṣe ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n máa gbé ohùn tirẹ̀ gan-an sí i létí lójoojúmọ́, kó máa gbìyànjú láti sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ó sì ń ṣiṣẹ́. Màmá ti lè pe "omi". Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu wá orúkọ ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ìyàwó pè lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ohùn Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán dúráìfù yẹn wò. Tẹ́ ẹ bá sì máa kó nǹkan sínú ẹ̀, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ ṣe, kí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbi tó wà."

"Ẹ̀dà kẹ̀? Ìyàwó mi, níbi iṣẹ́ wa, tí wọ́n bá ka páálí kan ní yàrá yìí, tí wọ́n tún kà á ní yàrá kejì, a jẹ́ pé ẹnì kan ń jalè nìyẹn. Ojú kan lẹrù ń wà. Fọkàn balẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Fáìlì kì í ṣe páálí, àmọ́ ta ló máa sọ fún un? Ó gé gbogbo ẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó kó o sínú dúráìfù: àwòrán, ìwé iṣẹ́, ohùn Màmá. Orúkọ fáìlì tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú rẹ̀. Ó kà wọ́n bó ṣe máa ń ka ẹrù níbi iṣẹ́, wọ́n pé, ó bá gbà pé ó parí. Kò ṣí ẹyọ kan wò. Bí àyè ṣe yọ nínú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa fíìmù àti bọ́ọ̀lù wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó dé nírọ̀lẹ́, ó gbé àga sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ó tẹ fáìlì àkọ́kọ́ nínú dúráìfù, kò ṣí. Ó tẹ òmíràn, kọ̀ǹpútà ní ó ti bàjẹ́. Ó tẹ gbogbo èyí tó jẹ́ ohùn Màmá, ọ̀kan ò ṣí. Màmá ń wo ẹ̀rọ náà, ó ń retí ohùn ara rẹ̀.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣé o ò rí orúkọ wọn ni?"

"Orúkọ ni mò ń rí. Ohùn ìyá mi dà?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé dúráìfù àti kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tú dúráìfù náà, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Mẹ́mórì káàdì fóònù ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ síbí. Irin yìí ò ṣe nǹkan kan, torí kó lè wúwo lọ́wọ́ ni. Wọ́n ti ṣe é kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àyè òun pọ̀. Tó bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá lórí. Orúkọ á hàn, inú ẹ̀ á sì ṣófo."

"Ẹ bá wa wá a nínú kọ̀ǹpútà," ìyàwó bẹ̀bẹ̀. "Ibẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ ti kó nǹkan míì síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e kúrò?"

Ẹ̀dínwó wolẹ̀. "Bọ́ọ̀lù. Àti fíìmù."

"Háà! Ká ní ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tẹ́ ẹ ò lò ó mọ́, ǹ bá rí púpọ̀ yọ. Màá gbìyànjú, àmọ́ mi ò ní tàn yín, mà."

Obìnrin náà gbìyànjú lóòótọ́. Ohun tó rí yọ ò ju ẹ̀rín Màmá fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ariwo ṣììì. Ìyàwó sunkún títí wọ́n fi délé. Ẹkún náà dun Ẹ̀dínwó ju èébú lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. "Mọ́mì, èmi ni mo ba ohùn yín jẹ́. Ọmọ yín kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Màmá wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ó yí ojú sí fèrèsé, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀dínwó ti tọrọ lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, bóyá ohùn Màmá wà nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Èyí tó rí ò tó nǹkan. Ọmọ ló ń fi ohùn ara rẹ̀ kọ́ ìyá báyìí, ó sì ń falẹ̀ gan-an. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tí Màmá ń wá ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò burú láti ra dúráìfù, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè padà sí ni kí ẹ ti rà á. Bí àyè rẹ̀ bá pọ̀ jù tí owó rẹ̀ sì kéré jù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí kò ṣe pàtàkì kún un, kí ẹ sì ṣí i wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Kódà dúráìfù gidi lè já bọ́ kó sì kú, torí náà ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ fẹ́ràn sí ojú kan ṣoṣo. Bí nǹkan bá sì sọnù, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí ohùn ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí. Ẹ lè ra dúráìfù mìíràn lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ohùn náà lè má lè sọ̀rọ̀ mọ́.