Òkúta Inú Sípíkà

Ẹnjiníà kò tíì rìn jìnnà tí Àǹtí Elétí fi mọ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn tó jáde sì dà bí ti ẹni tí wọ́n fún nímú. Ó tún un tẹ̀. Ohùn kan náà ni. Ó gbé sípíkà náà sókè, ó mì ín, nǹkan kan sì yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ tú ìdí rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa òkúta kan jáde, òkúta gidi, tó tó ẹyin adìyẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni sípíkà kékeré kan wà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ohun ìṣeré ọmọdé.

"Òkúta!" ó wí. "Àbí ẹ ò rí ayé! Mo fún un ní sípíkà, ó fún mi ní òkúta, mo tún kí i pé ó ṣeun."

Àǹtí Elétí kò ríran láti kékeré, etí rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ilé ẹjọ́ a máa fi ohùn àwọn ẹlẹ́rìí ránṣẹ́ sí i, á gbọ́ ọ, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì kà á padà fún un. Kì í fi kún un, kì í yọ kúrò. Ẹlẹ́rìí ìbáà wúkọ́ lásán, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wúkọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un kó má ki ohunkóhun bọ etí mọ́, nítorí náà sípíkà nìkan ló kù tó gbójú lé. Eléyìí tó ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ oníwáyà, wáyà ọ̀hún sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, tòun ti ife tíì gbígbóná. Ọjọ́ tó ra aláìníwáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó lè gbé e lọ sí ilé ìdáná, kó máa gbọ́ ẹjọ́ bó ṣe ń fọ abọ́. Lóòótọ́, iná a máa tán lára rẹ̀ gan-an níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn, ṣùgbọ́n kí ni kò ní àléébù?

Àléébù tí Ẹnjiníà rí ló wá yàtọ̀. Ní ọjọ́ Ajé ló kanlẹ̀kùn, ó ní òun ni Ẹnjiníà, òun ń tún ẹ̀rọ ṣe.

"Mà, sípíkà yín ń jò."

"Ó ń jò? Omi wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohùn ni, Mà. Ká sòótọ́, kò ní wáyà tó dè é, kí ló máa dá ohùn náà dúró? Mo ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni fóònù mi gbá a mú. Ẹ gbọ́."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn ẹlẹ́rìí tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láàárọ̀ yẹn ló ń jáde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, àṣírí ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń jò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé abẹ́ fèrèsé òun ni ọkùnrin yìí lúgọ sí tó fi gba ohùn náà sílẹ̀.

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì," Ẹnjiníà wí, "n ó bá yín dí i pa."

Ó gbé e lọ. Ní Ọjọ́rú ó gbé òkúta dé, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi orin kan sí i, ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Àǹtí gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ríran, ó sì ń wá àṣìṣe tó máa fi mú un. Àǹtí fi sípíkà olókùúta gbọ́ ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí ní àwọn olè gbé nǹkan òun lọ. Ṣé ọkọ ni, àbí ọkọ̀? Ohùn ẹni tí wọ́n fún nímú kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó lọ gbé oníwáyà àtijọ́ jáde. Ihò iná ẹ̀gbẹ́ tábìlì ti bàjẹ́, ló bá fa wáyà gba ẹnu ọ̀nà kọ̀rídọ̀ kọjá. Sípíkà náà ń kùn bí àgbọ́n. Ọkọ, ọkọ̀, kò yé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Ẹ rí i?" Sájẹ́ńtì tó gba ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bi í.

"Sájẹ́ńtì, ojú mi nìyí."

Sájẹ́ńtì wúkọ́. "Ẹ má bínú, Mà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dá a mọ̀?"

"Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá fẹ́ purọ́, á kọ́kọ́ ní 'ká sòótọ́'."

"Adájọ́ ò lè fi ìyẹn sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n."

Síbẹ̀ Sájẹ́ńtì wá ọkùnrin náà kàn, ó tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Fóònù tó fọ́ àti wáyà jákujàku ló bá níbẹ̀, kò rí sípíkà kankan. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gan-an á wá kojú obìnrin náà nílé rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀.

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Àǹtí ti tan sípíkà olókùúta sílẹ̀ kí Sájẹ́ńtì lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ní kété tí Ẹnjiníà jókòó ni sípíkà náà dún "tìn-ín", bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀. Kọ̀ǹpútà Àǹtí kò sì rí i lò mọ́. Ó ṣe é ní kàyéfì.

"Ìwọ lo gbé èyí wá?" Sájẹ́ńtì bèèrè.

"Èmi ni. Ká sòótọ́, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe dá a padà."

"Òkúta inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló rí mi níbi tí mo ti ń ki òkúta bọ̀ ọ́? Obìnrin yìí? Kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, Sájẹ́ńtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gba ilé ẹjọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ lọ, n ó sì sọ bí àṣírí wọn ṣe ń jò nílé rẹ̀."

Àǹtí gbọ́ bí Sájẹ́ńtì ṣe pa ìwé rẹ̀ dé. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó mọ ohun tó kàn. Òun tí wọ́n jà lólè ni wọn yóò ní kó bẹ̀bẹ̀.

Fóònù Ẹnjiníà dún. Ó dìde, ó bọ́ sí kọ̀rídọ̀.

"Ẹ ṣọ́ wáyà o," Àǹtí wí fún un, nítorí ẹ̀kọ́ ilé.

"Hẹ́lòó?" Ẹnjiníà wí lọ́hùn-ún. "Hẹ́lòó! N ò gbọ́ ẹ!"

Lórí tábìlì, ẹni tí wọ́n fún nímú dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Oníbàárà ti dé o."

Sájẹ́ńtì fò dìde. Àǹtí fi ìka lé ètè.

"Sọ̀rọ̀ sókè!" ni kọ̀rídọ̀ wí.

"Mo ní oníbàárà dé!" ni tábìlì wí. "Sípíkà obìnrin tí ò ríran yẹn ló fẹ́!"

"Pariwo, jàre! N ò gbọ́ nǹkan kan!"

"OBÌNRIN TÍ Ò RÍRAN! Ṣé kí n tà á? Mẹ́fà tó kù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi ti ń bínú! Òkúta yín náà ti tán, ṣé kí n tún ṣà sí i?"

Ó ti yé Ẹnjiníà. Fóònù tó so mọ́ sípíkà yẹn ní Ọjọ́rú, kò já a kúrò. Aláìníwáyà kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí olè, ẹni tó bá ti mọ̀ rí ló ń dì mọ́. Gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ ń bá a sọ, orí tábìlì Àǹtí ló ń balẹ̀ sí.

Kọ̀rídọ̀ yẹn kò já síbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ sá, àfi kó gba inú yàrá kọjá. Àǹtí gbọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́ tuuru, tí eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń jáde, ó kìlọ̀ fún un. Nígbà tó ń bọ̀, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ gbáà.

Wáyà mú un lọ́rùn ẹsẹ̀. Gbì! Àgbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ síwájú bàtà Sájẹ́ńtì.

"Ká sòótọ́..." ló bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

"Dákẹ́ ńbẹ̀," Sájẹ́ńtì wí, ó sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n bá sípíkà méje nílé àbúrò, wọ́n sì ní kí àwọn tó ni wọ́n wá gbà wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan mọ tirẹ̀, ó gbá a mọ́yà. Tíṣà kan ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Àǹtí gba tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún ẹlẹ́rìí yẹn gbọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n gbé lọ, ọkọ wà nílé lálàáfíà. Iṣẹ́ dé ilé ẹjọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́ tán, ọ̀gá tó ń ráhùn sì fọwọ́ sí i. Àǹtí ká oníwáyà náà jọ, ó nù ún, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti jàǹfààní rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ẹjọ́ fi ohùn tuntun ránṣẹ́. Àǹtí tẹ bọ́tìnnì.

"Ká sòótọ́," ni sípíkà wí, "èmi ni mo kó wọn."

Ó mọ ohùn yẹn. Ó rọra jókòó dáadáa, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bọ̀, láìfikún, láìyọkúrò, títí kan ibi tí Ẹnjiníà ti fa imú. Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, Sájẹ́ńtì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn: "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó fi àmì kan ṣoṣo kún un, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kà á sókè, sípíkà rẹ̀ sì kà á ketekete:

"Ọjọ́ kan ni tolóhùn."