Ẹnìkan Ṣì Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí. Mi ò mutí rí láyé mi. Ẹ má bi mí bóyá oorun ló ń kùn mí. Ojúmọmọ ni, ojú mi méjèèjì ló sì ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ìyẹn ò ní kí n má jẹun alẹ́.

Ọgbà alùpùpù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe alùpùpù ojú títì o. Èyí tí táyà rẹ̀ ní eyín ni, tí wọ́n ń gùn nínú igbó, lórí erùpẹ̀, lórí àpáta, nínú ẹrẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nínú ọgbà náà. Àwọn èèyàn á wá láàárọ̀, wọ́n á kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n á dé àṣíborí, wọ́n á wọgbó lọ. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èmi náà á gun tèmi, màá wọlé tọ̀ wọ́n, màá máa lé gbogbo wọn síwájú bí ẹni ń da ewúrẹ́ wálé. Èmi ni mò ń kẹ́yìn. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà náà, ọrùn mi ló wà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ pé: MO KẸ́YÌN. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kẹ́yìn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀nà inú igbó tín-ín-rín. Bí ẹni méjì bá pàdé, ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn. Ìka la fi ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá na ìka méjì sí ọ, ẹni méjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn mi nìyẹn, rọra. Tí mo bá di ẹ̀ṣẹ́, kò sẹ́ni mọ́. Ẹ̀ṣẹ́ mi ni Bàbá Géètì máa ń wò nírọ̀lẹ́. Tó bá ti rí i, á fa ṣéènì, á ti géètì pa. Kò ní bi mí ní nǹkan kan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ṣe, kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí mi.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Òjò yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Mo ti lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Mo dé ìdajì ọ̀nà kẹrin, níbi tó ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sódò, ni òtútù bá mú mi lọ́wọ́. Ìka mi gan. Mo ní kí n sáré jáde, kí n yáná díẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Géètì, kí n padà wá wo ìdajì tó kù. Mo dé ẹnu géètì, mo gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró dè mí. Ọwọ́ tó ti gan kò ṣe é ṣí. Ẹ̀ṣẹ́ ni Bàbá Géètì rí. Ó fa ṣéènì.

Mo rí i tó ń fà á. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, ìwé orúkọ sì pé: ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé, ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá ń béèrè èèyàn rẹ̀. Mo ní, ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan. Síbẹ̀, ojú ń tì mí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, oòrùn ti ràn, ilẹ̀ ti gbẹ, eruku ń sọ. Mo lé gbogbo wọn jáde, mo wọ ọ̀nà kẹrin. Ẹnìkan gun alùpùpù yọ lókè àpáta, ó ń bọ̀ wá pàdé mi. Jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Ẹrẹ̀ tútù bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ o, nínú eruku yẹn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ìka kan, ó kọjá.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo dúró de ẹni tó kù. Mo gbọ́ ọ. Alùpùpù kejì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó ń dún pọ́-pọ́-pọ́, bí èyí tí omi ti wọ inú rẹ̀. Kò jìnnà ju ibi tí mo lè ju òkò dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń bọ̀, kò sì dé. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Gbogbo igbó dákẹ́ rọ́rọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kòkòrò kan kò dún.

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé odò. Kò sẹ́ni. Kò sí ojú táyà kankan nínú iyanrìn, àfi tèmi.

"Bàbá, ta ló jáde kẹ́yìn?" Mo ti dé géètì nígbà náà.

"Ìwọ ni."

"Kí èmi tó jáde ńkọ́?"

"Tọkọtaya tó gun pupa. Wọ́n ti lọ tipẹ́."

"Ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀ wo? Ìyá Kẹ́yìn, oòrùn ti wọ̀ ẹ́ ní agbárí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun kan náà. Ẹrẹ̀ kan náà, ìka kan náà, alùpùpù tó ń bọ̀ tí kì í dé. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́rú, mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ọ̀gá wa kò tíì pé ogójì ọdún, obìnrin tó mọ̀wé, tó sì ní sùúrù. Ó gbọ́ tẹnu mi tán. Ó rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

"Mọ̀mí, ó ti rẹ̀ yín."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ọ̀nà kẹrin yẹn, a máa dí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Katapílà á wá da òkúta sí i. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin á wá jókòó sídìí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ara yín lè balẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí ìwé kan lọ́jọ́ Ẹtì, pé kò sẹ́ni nínú."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Mọ̀mí, ìwé lásán ni."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, ẹ fọwọ́ sí i fúnra yín."

Mo jáde. Inú ń bí mi débi pé mo gbàgbé àṣíborí mi sórí àga rẹ̀, mo tún ní láti padà wọlé lọ mú un.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ju ẹ̀rù lọ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá da òkúta dí ọ̀nà yẹn, ẹni yòówù tó wà lọ́hùn-ún ti há títí láé nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ tèmi ló sì há a mọ́bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi alùpùpù mi dábùú ọ̀nà kẹrin. Ó yọ lókè àpáta. Ó rí mi, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi ẹrẹ̀ ń kán látara rẹ̀, tó, tó, tó.

"Ta ni ìwọ?"

Ó kàn gbójú sókè wò mí.

"Mo ti lọ wo ìsàlẹ̀ odò láìmọye ìgbà. Kò sẹ́ni."

Ó na ìka kan.

"Mo ní kò sẹ́ni!"

Ó rọra kọ ẹ̀yìn sí mi, bí ẹni tó fẹ́ kí n wo nǹkan. Ẹ̀wù kan wà lọ́rùn rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Ó tutù wọnú eegun mi. Aláwọ̀ ọsàn ni. MO KẸ́YÌN.

Tèmi sì wà lọ́rùn mi. Ẹni tó yẹ kó kẹ́yìn ni, ó sì ń sọ pé ẹnìkan ṣì kù lẹ́yìn òun.

Ó yẹ kí n sá. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá. Mo ní rárá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń lé èèyàn jáde nínú igbó yìí, kò sí ẹlẹ́rẹ̀ kan tó máa wá lé èmi.

"Ó dáa," mo ní. "Iṣẹ́ mi ni kí n mú èèyàn jáde. Tẹ̀lé mi. Sọ fún ẹnìkejì rẹ kóun náà tẹ̀lé wa."

Mo yí padà, mo ṣíwájú. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ méjì. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé àti báírò. Bàbá Géètì di ṣéènì mú. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo na ìka méjì.

"Ẹni méjì wo?" ni ọ̀gá wí. "Mọ̀mí, kò sẹ́ni lẹ́yìn yín. Bàbá, ẹ tì í."

Bàbá Géètì wo ìka mi. Ó wo ẹ̀yìn mi. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó ju ṣéènì sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti géètì náà kó má baà padé.

Afẹ́fẹ́ tútù kan kọjá lára wa, tòun ti òórùn ẹrẹ̀. Lórí kọnkéré gbígbẹ, ojú táyà tútù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá, ó bọ́ sójú títì, ó ń gbẹ bó ti ń lọ. Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

A dúró. A tún dúró. Kò sí òmíràn.

"Ẹyọ kan," ni Bàbá Géètì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹyọ kan ló jáde."

Mo yí orí alùpùpù mi padà síhà igbó.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́!" ni ọ̀gá wí. "Tí ẹ bá wọbẹ̀, màá ní láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ gbà á lọ́la, ọ̀gá. Tòní ò tíì parí."

Mo fún un níná. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé odò, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo bọ́ àṣíborí kí ohùn mi lè jáde dáadáa.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo fi ẹ́ sílẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ń ti géètì, mo panu mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi wá. Mi ò ní kúrò níbí láìmú ẹ."

Igbó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ní òdìkejì omi, ẹnìkan fẹsẹ̀ ta alùpùpù kan. Kò sítáàtì. Ó tún ta á. Pọ́. Pọ́. Ó kú.

"Má ta á mọ́!" mo pariwo. "Ó ti mu omi. Dúró níbẹ̀, mò ń bọ̀ wá bá ẹ tì í."

Ó dáwọ́ dúró. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo sì wọ inú omi.