Àwòrán Àwọn Aláàárù Òkè Mápó

Kùrukùru òwúrọ̀ ṣì bo òkè Mápó. Louisa, ọmọ ilé-ìwé kan, dúró, ó ń wo àwọn obìnrin tó ń ru òkúta lọ síbi tí ìjọba ti ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá. Lójú rẹ̀, àfi bí ẹni pé òkè pupa náà ló dìde tó ń rìn. Ìyá rẹ̀, Mojọlá, wà láàárín wọn.

Ọ̀dà olóróró tí Mísì, olùkọ́ wọn òyìnbó, fún un ló fi ń yà wọ́n sára aṣọ tí a nà mọ́ igi. Òdòdó ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yà ní tiwọn. Nínú tirẹ̀, ọwọ́ àwọn aláàárù tóbi ju orí wọn lọ, ara wọn sì pọ́n bí ilẹ̀. Bertha, ọmọ àlùfáà, fi í ṣẹ̀sín títí. Mísì ní tirẹ̀ sọ pé báyìí ni àwọn ayàwòrán tuntun ń yà nílùú òun, kí a lè mọ bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó. Ó ní òun yóò gbé e kọ́ fún gbogbo òbí láti wò.

Lọ́jọ́ kan, Louisa àti Bertha ń kọjá ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ òkè náà. Mojọlá ń bọ̀, òkúta lórí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Louisa, wá bá mi sọ ẹrù yìí."

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í rí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn ká kọjá rẹ̀? Àlejò pàápàá á dúró. Ṣùgbọ́n ojú ti Louisa. Bertha bi í pé ta nìyẹn.

"N kò mọ̀ wọ́n," ló wí, ó sì yára lọ.

Mojọlá dá ẹrù náà sọ̀, òkúta já lù ú lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Louisa délé, ẹsẹ̀ ti wú. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí.

"Mo rò pé o ò gbọ́ ni," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Louisa ju pàṣán lọ. Ó sunkún títí ó fi sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ya ọmọbìnrin kan kún àwòrán náà, ọwọ́ tirẹ̀ náà tóbi, ó fi méjèèjì gba òkúta lórí ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí pé sílé-ìwé láti wo àwòrán náà, Bertha tún ń rẹ́rìn-ín, ó bi í pé àwọn wo nìyí.

"Ìyá mi nìyẹn. Èmi nìyí."

Mojọlá, tó fi ọ̀pá tilẹ̀, wò ó pẹ́, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Iṣẹ́ tí òbí fi tọ́ni kì í ṣe ohun tí à ń tijú rẹ̀. Ẹni tó rí ẹrù lórí ìyá rẹ̀ tó kọjá ni kí ojú tì.